Ìyá ọkọ mi ń fi kíríìmù pa ọmọ mi kí ó má baà dúdú: kí ni kí n ṣe?

Ìyá Àbíkẹ́ (Ìbàdàn)

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, n kò sì fẹ́ kí ó di ìjà nínú ilé kí n tó mọ ohun tí ó yẹ kí n ṣe sí i.

Mo bí ọmọbìnrin kan ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Ó pọ́n nígbà tí a bí i, gbogbo àwọn tí wọ́n wá kí wa ló sì ń yọ̀ mọ́ àwọ̀ rẹ̀. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n wá bá wa gbé láti máa wẹ ọmọ, kì í pè é ní orúkọ mìíràn ju Òyìnbó lọ. Bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń gorí ọ̀sẹ̀, àwọ̀ ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú díẹ̀díẹ̀, láti etí àti ẹ̀yìn ọrùn títí ó fi kárí, ó sì wá dà bí tèmi àti ti bàbá rẹ̀. Láti ìgbà náà ni màmá ti ń sọ pé omi tí mo fi ń wẹ̀ ẹ́ ni kò dára, pé mo ń gbé e sí oòrùn, pé mo ti jẹ́ kí àwọ̀ ọmọ bà jẹ́.

Láìpẹ́ yìí ni mo rí ike kan lábẹ́ àwọn aṣọ ọmọ. Ike funfun ni, kò sí orúkọ ilé iṣẹ́ kankan lára rẹ̀, kò sí nọ́ńbà NAFDAC, kò sí ohun tí ó sọ ìgbà tí yóò bà jẹ́. Bébà pélébé kan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, tí wọ́n fi bírò kọ “ọmọ ọwọ́” sí. Nígbà tí mo béèrè, màmá kò fi pamọ́ rárá: wọ́n ní ọ̀dọ̀ obìnrin kan tí ó ń po kíríìmù lọ́jà ni àwọn ti rà á, pé kì í ṣe ìbóra, pé yóò kàn jẹ́ kí àwọ̀ ọmọ dúró bí a ṣe bí i ni, àti pé òun náà ni àwọn fi pa àwọn ọmọ-ọmọ wọn yòókù. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà ti kún gan-an, wọ́n sì ń fi í hàn mí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé kíríìmù náà bá a lára mu.

Èyí tí ó dùn mí jù ni ti Àbíkẹ́, àkọ́bí mi. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, òun ló sì dúdú jù nínú wa. Mo bá a nínú yàrá tí ó ti ti ìka bọ inú ike náà, tí ó sì ti fi pa apá kan láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́. Ó bi mí bóyá òun náà yóò ti pupa kí ọjọ́ ìbí òun tó dé.

Ọkọ mi ní kí n ṣe sùúrù, pé màmá kò ní í gbé lọ́dọ̀ wa títí láé. Ẹ jọ̀wọ́, ǹjẹ́ kíríìmù yìí lè pa ọmọ lára? Ṣé kí n kàn sọ ọ́ nù ni? Báwo ni mo ṣe lè bá ìyá ọkọ mi sọ ọ́ tí kò fi ní í jọ àfojúdi?

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí (Ṣàgámù)

Ìyá Àbíkẹ́, ẹ kú ewu ọmọ. Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mo ń ṣe, ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe àjèjì sí wa ní ilé ìwòsàn. Ẹ gbé ọmọ náà lọ rí dókítà ní àárọ̀ ọ̀la, kí ẹ sì mú ike náà dání. Ẹ má tíì sọ ọ́ nù, nítorí pé òun ni dókítà yóò fi mọ ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó ti wọ ara ọmọ.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó kún yẹn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ. Ó lè jẹ́ pé ọmú tí ó ń mu ló bá a lára mu, èyí tí yóò dùn mọ́ gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń po kíríìmù máa ń fi oògùn sítẹ́rọ́ìdì tí ó lágbára sí i, irú bíi clobetasol, tí dókítà nìkan ló yẹ kí ó kọ fún ènìyàn, fún àìsàn awọ, fún ìgbà díẹ̀. Ara àgbàlagbà pàápàá kì í gba lílò rẹ̀ lọ títí. Awọ ọmọ ọwọ́ tinrín, ó sì fẹ̀ púpọ̀ bí a bá fi wé ìwọ̀n ara rẹ̀, nítorí náà ohun tí a bá fi pa á ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ju bí ó ti ń wọ tiwa lọ, pàápàá ní ibi tí pámpáàsì bò. Bí oògùn náà bá ti pọ̀ lára ọmọ, ojú rẹ̀ yóò wú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yóò yọ, àwọn tí wọ́n bá rí i yóò sì máa sọ pé ọmọ náà ń sanra, pé ìtọ́jú rẹ̀ dára. Bí a ṣe fẹ́ràn ọmọ tó kún lójú ló ń jẹ́ kí a pẹ́ kí a tó mọ̀ pé ara rẹ̀ kò yá.

Ohun mìíràn wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Ara wa fúnra rẹ̀ a máa ṣe irú èròjà yìí, nínú ẹṣẹ́ kékeré méjì tí wọ́n jókòó lé orí kíndìnrín. Bí kíríìmù bá ti ń mú un wọlé lójoojúmọ́, àwọn ẹṣẹ́ náà yóò dẹwọ́ iṣẹ́, bí a bá sì dá kíríìmù dúró lójijì lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, ọmọ lè dákú tàbí kí ó máa bì, nítorí pé ara rẹ̀ kò tíì lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ padà. N kò sọ pé kí ẹ máa fi pa á lọ o. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ tètè lọ, kí dókítà sì sọ bí ẹ ó ṣe dá a dúró.

Yàtọ̀ sí sítẹ́rọ́ìdì, a tún máa ń bá hydroquinone àti mẹ́kúrì nínú irú àpòpọ̀ bẹ́ẹ̀. Hydroquinone ní í dí ara lọ́wọ́ láti ṣe èròjà tí ń fún awọ ní dúdú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ èròjà yẹn gan-an ló ń gba ìtànṣán oòrùn sílẹ̀ fún wa. Ẹni tí ó bá lò ó pẹ́ lè wá ní àbàwọ́n dúdú tí ó ní àwọ̀ aró nínú, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti oríkèé ọwọ́, èyí tí ó ṣòro púpọ̀ láti wò. Mẹ́kúrì ní tirẹ̀ a máa ba kíndìnrín jẹ́, kì í sì í dúró lára ẹni tí a fi pa nìkan: ó ń gba ọwọ́, aṣọ ìnura àti ìrọ̀rí dé ara àwọn tó kù nínú ilé. Ìdí nìyí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ fọ apá Àbíkẹ́ dáadáa, kí ẹ sì mẹ́nu ba tirẹ̀ náà fún dókítà. Àdéhùn Minamata, tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe lórí mẹ́kúrì, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2017, kọ́kọ́ ní kí ó má ju mílígíráàmù 1 lọ nínú kìlógíráàmù 1 ìpara, wọ́n sì ti wá fi òpin sí fífi mẹ́kúrì sínú ìpara rárá ní 2025, síbẹ̀ ta ni yóò wọn ti inú ike tí kò ní orúkọ?

Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gbé e jáde tipẹ́ pé ìdá 77 nínú 100 àwọn obìnrin Nàìjíríà ló ń lo ìpara tí ń mú awọ funfun, pé ti Tógò sì jẹ́ ìdá 59. Àwọn kan ń jiyàn lórí iye náà, ṣùgbọ́n ní 2023, ọ̀gá àgbà NAFDAC, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojisola Adeyeye, sọ ọ́ gbangba pé ọ̀rọ̀ ìpara ìbóra ti di pàjáwìrì fún ìlera orílẹ̀-èdè wa. Àwa tí a wà ní yàrá ìbímọ ń rí i lára àwọn abiyamọ tí a fi iṣẹ́ abẹ gba ọmọ lára wọn. Awọ tí ìpara ti sọ di tinrín kì í fẹ́ di okùn mú, ojú egbò a sì máa pẹ́ kí ó tó jinná.

Ìyá Onílẹ̀kẹ̀ (Abẹ́òkúta)

Ọmọ mi, Olúwa yóò wo ọmọ náà dàgbà fún ọ. Ohun tí nọ́ọ̀sì wí ni kí o kọ́kọ́ ṣe. Ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ rẹ ni mo fẹ́ bá ọ sọ, nítorí pé èmi náà ti di ìyá ọkọ.

Ní ayé tiwa, bí a bá gbé ọmọ tuntun lé ìyá mi lọ́wọ́, etí rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wò, wọn yóò sì sọ pé, “Dúdú ni èyí,” tàbí “Èyí yóò mọ́ra díẹ̀,” ọ̀rọ̀ parí. Kò sí àgbà obìnrin tí kò mọ̀ pé ọmọ a máa pọ́n nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i, pé àwọ̀ rẹ̀ gan-an ń bọ̀ lẹ́yìn. Òrí àti àdí ni a fi ń pa á, a sì ń fi osùn kùn ún. Osùn a máa pọ́n lára ọmọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí a bá bu omi sí i, ó ti lọ nìyẹn, kò sì sí ẹni tí ó kùn ún pẹ̀lú èrò pé ọmọ dúdú yóò di pupa. Ìyá ọkọ rẹ kò ṣaláìmọ èyí. Ẹnu àwọn tí ń wá kí yín ló ń lé wọn léré. Àwọn àlejò tí wọ́n yin ọmọ ní Òyìnbó níjọ́ kìíní ni wọ́n ń padà wá béèrè pé, “Kí ló ṣe ọmọ yìí?” Ojú sì ń ti màmá, bí ẹni pé àwọn ni kò mọ ọmọ tọ́jú.

Nítorí náà, má ṣe bá wọn sọ ọ́ níwájú àlejò, má sì ṣe gbé ike náà sókè bí ẹni tí ó mú olè. Mú wọn dání lọ sí ilé ìwòsàn. Sọ pé, “Màmá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ sìn wá lọ, ẹ̀yin lẹ mọ bí ẹ ṣe ń pa ọmọ lára, ẹ̀yin ni dókítà yóò bi.” Nígbà tí wọ́n bá fi etí ara wọn gbọ́ ọ lẹ́nu oníṣègùn, kò ní í jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyàwó mọ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ kí a sùn lóru. Àwọn ọmọ-ọmọ yòókù tí wọ́n ń fi í pa ńkọ́? Àwọn ìyá wọn náà gbọ́dọ̀ gbọ́.

Òrí ni kí o máa fi pa á, kí o sì lé tìróò sí i lójú, ẹwà rẹ̀ yóò yọ.

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí (Ṣàgámù)

Ẹ ṣeun púpọ̀ màmá, mímú ìyá ọkọ dání yẹn dára ju ohun tí èmi ì bá sọ lọ. Ẹ dákun, kí a yọ tìróò kúrò níbẹ̀. Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ tìróò tí wọ́n ń tà, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Dókítà ni kí ó sọ bóyá kí a fi òrí pa á nísinsìnyí.

Bàbá Ìbejì (Èkó)

Ọkọ yín ni mo fẹ́ bá wí, Ìyá Àbíkẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ó ka èyí. Ìyá tirẹ̀ ni, ọmọ tirẹ̀ ni. Kí ó ní kí ìyàwó ṣe sùúrù nígbà tí oògùn ń wọ ọmọ lára lójoojúmọ́ kò bójú mu. Bí ó bá sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun kò fẹ́ ẹ, ọ̀rọ̀ ọmọ sí ìyá ni. Bí ẹ̀yin bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ìyàwó ilé ni wọn yóò pè é.

Àwa ọkùnrin ló sì ń dá ọjà yìí sílẹ̀ jù. A jókòó níbi ìkómọ, a ń kí bàbá ọmọ pé ó bí ọmọ pupa. Bí a bá fẹ́ júwe obìnrin tí ó wù wá, àwọ̀ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ni a ó kàn sí ìdí. Àwọn kan máa ń sọ pé Òyìnbó ló kó o ràn wá. Ipa tiwọn kò kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi kò gbà pé gbogbo rẹ̀ ni. Àwọn baba wa ti ń ki apọ́nbéporẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi tó gúnlẹ̀, wọ́n sì ń ki adúmáadán pẹ̀lú. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ń gbé gẹ̀gẹ̀. Àwa ni a di ọ̀kan mú tí a sì jù èkejì nù.

Ẹ sì wo bí ohun tí à ń pè ní ẹwà ṣe ń sáré. Mo ṣì rántí ìgbà tí obìnrin gbọ́dọ̀ lẹ́ran lára kí a tó sọ pé ara tù ú. Ní 2001, Agbani Darego di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí wọ́n dé ládé Miss World. Ó dúdú, ó ga, ó pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọ̀pọ̀ àgbààgbà tí mo mọ̀ sì ń béèrè pé kí ni wọ́n rí lára rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọbìnrin àdúgbò wa bẹ̀rẹ̀ sí í febi pa ara wọn kí wọ́n lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ pé dúdú rẹ̀ kò rí ẹni wò ó kọ́ṣe, títẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ nìkan ni wọ́n mú. Lónìí, àwọn ènìyàn ń sanwó kí wọ́n lè fa ọ̀rá inú ikùn wọn jáde kí a sì fi kún ìdí wọn, iṣẹ́ abẹ tí àwọn kan ti bá a lọ. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń gún abẹ́rẹ́ kí àyà wọn lè le. Ọmọ olóṣù mẹ́rin tí ẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ta ló mọ àwọ̀ tàbí ìrí tí ayé yóò máa yìn nígbà tí ó bá pé ogún ọdún?

Mo kó àwọn ìbejì mi lọ ya fọ́tò nígbà tí wọ́n pé ọdún márùn-ún. Nígbà tí mo gba fọ́tò náà, ojú wọn ti funfun ju àtẹ́lẹwọ́ wọn lọ. Ayafọ́tò náà kò bi mí, ó kàn fi kọ̀ǹpútà fọ̀ wọ́n ni. Nígbà tí mo ní kí ó dá àwọn ọmọ mi padà bí wọ́n ṣe rí, ó yà á lẹ́nu, ó ní gbogbo oníbàárà òun ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Mo dúró tì í títí ó fi tẹ òmíràn jáde. Irú àwọn fọ́tò bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá wa ń rí lórí fóònù lójoojúmọ́, wọ́n sì rò pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ọlọ́mọ rí.

Ọmọ Ẹ̀gbá (Peckham, Lọ́ńdọ̀nù)

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìlú òyìnbó ló ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti 2001 ni òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti gbẹ́sẹ̀ lé hydroquinone nínú ìpara tí a ń tà fún gbogbo ènìyàn, òfin náà sì dúró ní Bírítéènì títí di òní. Ìjọba ìbílẹ̀ Southwark níbí ti gbé onísọ́ọ̀bù lẹ́yìn onísọ́ọ̀bù lọ sílé ẹjọ́. Síbẹ̀, ẹ ó rí i tí wọ́n ń mú un jáde láti abẹ́ káńtà fún ẹni tí wọ́n bá mọ̀, tí àwọn mìíràn sì ń kó o sínú báàgì bọ̀ láti ilé. Gúúsù Áfíríkà ti fòfin dè é láti 1990, Gánà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2016, kíríìmù kò sì tán lọ́jà níbẹ̀. Mo fara mọ́ òfin tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n òfin kò lè wọ yàrá tí a ti ń wẹ ọmọ. Ìyá Àbíkẹ́, bí dókítà bá ti yẹ ike náà wò tán, ẹ fi tó NAFDAC létí, nítorí pé obìnrin tí ó pò ó ń tà á fún ẹlòmíràn lónìí.

Ìyá Àbíkẹ́ (Ìbàdàn)

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo ti ka ọ̀rọ̀ Bàbá Ìbejì sí ọkọ mi létí, ó sì ti pe màmá sí yàrá láti bá wọn sọ̀rọ̀. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni a jọ ń lọ sí ilé ìwòsàn ní àárọ̀, Àbíkẹ́ yóò tẹ̀ lé wa. Òun ni n kò tíì mọ ohun tí n ó sọ fún. Mo ti sọ fún un pé ẹwà kò ṣe pàtàkì, ó kàn ń wò mí ni.

Olùkọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ (Ilé-Ifẹ̀)

Ìyá Àbíkẹ́, ọmọ ọdún mẹ́fà ni mo ń kọ́. Mo máa ń ní kí wọ́n ya àwòrán ara wọn, kí wọ́n sì fi kíréyọ̀nù kùn ún. Nínú páálí kíréyọ̀nù kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó ní àwọ̀ ilẹ̀ kì í kúrò bí wọ́n ṣe rà á, bẹ́ẹ̀ èyí tí ó ní àwọ̀ ọsàn ti kúrú kù díẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n dúdú fi àwọ̀ ọsàn kun ojú ara wọn. Bí mo bá béèrè ìdí, wọ́n á ní kí ó lè dára ni. Kò sí ẹni tí ó kọ́ wọn ní kíláàsì. Ibi tí a ti ń yin ọmọ kan lójú èkejì ni wọ́n ti ń kọ́ ọ.

Nítorí náà, bí ẹ bá sọ fún un pé ẹwà kò ṣe pàtàkì, kò ní í gbà yín gbọ́, torí pé gbogbo ẹnu ilé ni ó ti gbọ́ tí ó ń yin àwọ̀ àbúrò rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé ó rẹwà, kí ẹ sì dárúkọ dúdú rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ máa kì í ní adúmáadán nígbà tí ẹ bá ń pa á lára lẹ́yìn ìwẹ̀, kí bàbá rẹ̀ náà máa ṣe bẹ́ẹ̀, kí ìyá àgbà sì ṣe é jù, nítorí pé ẹnu wọn ló ti kọ́kọ́ gbọ́ èkejì. Orúkọ Òyìnbó tí wọ́n ń pe ọmọ ọwọ́ yẹn, ẹ rọra mú un kúrò nínú ilé. Bí àlejò bá fi àwọn ọmọ náà wé ara wọn lójú wọn, ẹ dá a lóhùn níbẹ̀ gan-an, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí Àbíkẹ́ lè gbọ́ pé ìyá òun kò dákẹ́. Ẹ má ṣe bá a wí nítorí kíríìmù tí ó fi pa apá, ohun tí ó rí àgbà tí ń ṣe ni ó ṣe.

Ẹ tún dé ilé ìwé rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ kíláàsì rẹ̀ orúkọ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọmọ tí ó dúdú jù ní kíláàsì máa ń ní orúkọ ìnagijẹ tí kì í gbé délé, olùkọ́ tí ó bá sì gbọ́ ọ tí kò sọ nǹkan kan ti fọwọ́ sí i. Olùkọ́ tí ẹ bá sọ fún lè dá a dúró láàárín ọ̀sẹ̀ kan.